Aṣọ Funfun Mi àti Wáìnì Etí Òkun Tútù

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Sátidé ni mo ti múra tán, tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ajégúnlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ mú lọ ilé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí. Fèrè ọkọ̀ ojú omi Apápá kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, síbẹ̀ n kò tíì kúrò ní ilẹ̀ Nàìjíríà rí. Ìyá mi, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ti jí ṣáájú mi. Ó ń fọwọ́ tú báàgì mi wò: ẹ̀wù òtútù wà níbẹ̀, tẹ̀súbáà wà níbẹ̀, aṣọ funfun mi náà wà níbẹ̀, mo ti fọ̀ ọ́, ó sì ti gbẹ.

"Rájí, wáìnì tí ẹ ń tìtorí ẹ̀ jà yìí, ṣé ẹnì kan nínú yín ti tọ́ ọ wò?"

"Ìyá, ọtí ni o! Ta ni kó tọ́ ọ wò, èmi?"

Ó fọwọ́ pa mí lórí, ó ṣàdúrà fún mi, ó sì padà sórí ẹní rẹ̀ láti dúró de ìrun àsùbáà.

Aládùúgbò wa kan, Ẹ́fẹ́, tí ó ń wa tírélà ní èbúté, ló yá ọkọ̀ kékeré láti gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfurufú. "Bàbá, passport dey? Yellow card ńkọ́?" Mo ní gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. "Oya, make we dey go jọ̀ọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́." Bí a ṣe ń jáde, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ bọ̀ láti ìhà Marine Beach, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bíi ti àná, bíi ti gbogbo ọjọ́. Mo ní láti dárúkọ atẹ́gùn yẹn níhìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ni ìrìn àjò mi dà níkẹyìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó gbé mi kúrò nílé. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe sítóò-kípà fún obìnrin oníṣòwò kan tí ó ń kó wáìnì wọlé, tí ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ wà ní Warehouse Road. Mùsùlùmí ni mí, n kì í mu ọtí, ohun tí Màdáámù sì torí rẹ̀ gbà mí nìyẹn. Ó ní òun kò lè ní kí ajá máa ṣọ́ ẹran. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń jà lójoojúmọ́ nígbà náà pé ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn, pé wọ́n ti bomi là á. Ni mo bá rántí ìyá mi. Aláró ni ní Òṣogbo. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń rí i tí ó ń ti aṣọ funfun bọ inú ìkòkò aró, tí ó ń gbé e sókè sí oòrùn, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò sì máa mi orí. Èmi náà bá ra aṣọ funfun tẹ́ẹ́rú, mo gé e wẹ́wẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ wáìnì pupa. Bí aṣọ bá dúdú bíi sobo tí ó ti pẹ́ lórí iná, ojúlówó ni. Bí ó bá ràn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, omi ti wọ̀ ọ́. Títí dòní, kò sí ẹni tí ó ń ra ọjà lọ́wọ́ wa tí kì í kọ́kọ́ béèrè aṣọ mi. Bàbá Aláṣọ Funfun ni wọ́n ń pè mí, inú mi a sì máa dùn sí i ju bí ó ti yẹ lọ.

Láti ọdún pípẹ́, àfonífojì gbígbóná kan nínú ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ni wáìnì wa ti ń wá. Lọ́dún yìí Màdáámù ra kọ̀nténà kan lọ́dọ̀ oko mìíràn tí ó wà létí òkun. Nígbà tí ó dé, mo já páálí kan níwájú, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lẹ́yìn pátápátá. Aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ́n bí inú gúáfà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì fọwọ́ sí i: omi wà nínú rẹ̀. Àwọn oníbàárà kọ̀ ọ́, Màdáámù sì kọ̀wé sí àwọn olóko. Máníjà wọn fèsì kíákíá. Ó ní òun ti rí ẹni tí ó ṣe é: Davie, bàbá tí ó ń mójú tó àwọn àgbá wáìnì wọn, ló fi omi fọ ọ̀pá rọ́bà lọ́jọ́ tí wọ́n fi í rọ ọjà náà sínú ìgò, kò sì sẹ́ pé òun fọ̀ ọ́; omi ibẹ̀ ló wọnú wáìnì. Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá àgbá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Ọ̀gbẹ́ni Rájí bá lè wá, kí ó dán an wò níwájú àwọn, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé, Davie yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, yóò sì kó jáde nínú ilé oko, wọn yóò sì fi ọjà mìíràn rọ́pò tiwa. Nígbà tí mo ka ìwé náà, ohun tí mo sọ ni pé, "Kó máa lọ. Olè ni." Mo fẹ́ kí ẹ rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ bàálù pẹ́ lọ títí. Oúnjẹ inú rẹ̀ kéré, ìjókòó rẹ̀ há, ojú fèrèsé sì dára. A sọ̀ ní Johanesibọ́ọ̀gì ní ìrọ̀lẹ́, mo sun oorun orí ìjókòó, ìgò omi kan tí mo rà níbẹ̀ sì gba ọgbọ̀n rándì lọ́wọ́ mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, bàálù kejì gbé mi dé Kepu Táùn. Oòrùn ń ràn kálẹ̀ bíi ti Apápá, mo bá ká ẹ̀wù òtútù mọ́ apá. Bí mo ṣe jáde síta báyìí, atẹ́gùn kan gbá mi létí. Oòrùn wà lórí, òtútù wà lára. N kò rí irú rẹ̀ rí. Lọ́dọ̀ tiwa, bí oòrùn bá ti là, òtútù ti lọ nìyẹn.

Bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun di páálí tí wọ́n kọ orúkọ mi sí mú. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. "Ẹ káàbọ̀. Davie lorúkọ mi."

Mo wojú rẹ̀, mo wo ilẹ̀. Kò fi mí sínú òkùnkùn pẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni aṣọ yẹn. Wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ọkọ̀ ni wọ́n ní kí n máa wà títí ẹ ó fi dé. Ẹ gbé báàgì yín wá." Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, tèmi ti Apápá, tiẹ̀ ti Kepu. Bí mo ṣe gbọ́ ọ sétí ni mo ṣe kọ ọ́.

Gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní Óòmù Davie. Èdè Áfríkáànsì, tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ni "óòmù": arákùnrin bàbá ẹni ni, wọ́n a sì máa fi ṣáájú orúkọ àgbàlagbà yòówù, ì báà má bá ọ tan. Ó dùn mọ́ mi pé wọn kì í pe àgbà lórúkọ lásán níbẹ̀ náà. Mo bá ń pè é ní Óòmù, ìtìjú sì ń mú mi.

Ó dúró níwájú ilé kan níbi tí obìnrin aláṣọ ìborí kan ti ń ta kúsísítà. Pọ́fù-pọ́fù ni ẹ pè é, àfi pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi ṣúgà, wọ́n sì wọ́n àgbọn lé e lórí. Òwúrọ̀ Àìkú nìkan ni àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ máa ń tà á. Rándì mẹ́fà ni ẹyọ kan. Mo kí obìnrin náà ní "Salaamu alaekun," ó dáhùn, nígbà tí mo sì sanwó, ó ní "tramakasí," èyí tí í ṣe "ẹ ṣé" lẹ́nu wọn. Óòmù Davie kò jẹ tirẹ̀ tán. Ó ní, "Ọ̀nà etí òkun kò ju wákàtí méjì lọ dé oko. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbà, ẹ jẹ́ kí n gbé yín gba ẹ̀yìn òkè. Mo fẹ́ kí ẹ rí ibi tí wáìnì yín àtijọ́ ti ń wá." Mo rò ó pé ó fẹ́ bẹ̀ mí lọ́nà ni. Mo ní kò burú.

Ọ̀nà wọn dán, n kò rí kòtò kan, àwọn ọkọ̀ ńlá sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì tí í ṣe tiwọn, ohun tí Ẹ́fẹ́ kò ní gbà gbọ́. A gba inú ihò gígùn kan tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè kọjá, a sì san ju àádọ́ta rándì lọ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí a yọ sí òdìkejì, ooru pàdé wa. Ó gbóná bí Ògbómọ̀ṣọ́ nínú oṣù kẹta. Òkè yí àfonífojì náà ká, atẹ́gùn kò rí ibi wọlé. Óòmù Davie yà sí oko ìbátan rẹ̀ kan, ó já ìdì èso àjàrà kan fún mi. "Síráà ni wọ́n ń pe irú èyí. Ẹ jẹ ẹ́. Èso kì í ṣe ọtí."

Mo jẹ ẹ́. Ó dùn bí oyin, èèpo rẹ̀ nípọn, ó sì kun ìka mi. Ó ní kí n mú aṣọ mi. Mo fi èèpo ra á lára aṣọ, ó dúdú kirikiri. Mo ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Èyí ni wáìnì."

"Yá-níà," ni gbogbo èsì rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́" ni ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n a sì máa sọ ọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ju ẹnu lọ.

A tún wa ọkọ̀ fún wákàtí méjì. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà òkun, mo yí gíláàsì sókè. Láìpẹ́ mo wọ ẹ̀wù òtútù. Kùrukùru ń rìn bọ̀ láti orí omi wá bo àwọn ọgbà àjàrà, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni. Ó mú mi dé etí òkun, ó ní kí n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo tì í bọ̀ ọ́, mo sì yára fà á yọ. Omi inú fíríìjì ni. Ó ní ìsàlẹ̀ ayé, níbi tí yìnyín wà, ni omi náà ti ń ṣàn bọ̀, atẹ́gùn a sì máa gba orí rẹ̀ kọjá wá sínú oko ní ọ̀sọ̀ọ̀sán.

"Oòrùn fẹ́ se èso yìí," ni ó wí, "òkun sì ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Kì í tètè pọ́n. Ṣúgà rẹ̀ kì í pọ̀ jù, kíkan rẹ̀ kì í sì í tán."

Ọ̀rọ̀ yìí yé mi ju bí ó ti rò lọ. Bí ọyẹ́ bá mú ní Òṣogbo, aró ìyá mi kì í tètè jinná. Ìkòkò kan náà, èlú kan náà, ṣùgbọ́n òtútù a máa fa ọjọ́ gùn.

Ó fi Síráà ti etí òkun hàn mí. Irú èso tí mo jẹ lẹ́yìn òkè ni, ṣùgbọ́n ó kan díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ lórí aṣọ mi kò sì tó ti àkọ́kọ́. Ó ní èyí tí ó ti di wáìnì nínú rẹ̀ a máa ta sánsán bí ata oníhóró dúdú, ti àfonífojì a sì máa rùn bíi jáàmù. Lẹ́yìn náà ni ó mú mi lọ sí ìsàlẹ̀ oko, níbi tí òtútù ti mú jù. Èso ibẹ̀ kéré, ìdì rẹ̀ fún pọ̀. Páínọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ó ní kò lè gbé ẹ̀yìn òkè, ooru yóò sè é pa, nítorí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. "Èyí ló wà nínú kọ̀nténà yín."

Èmi fúnra mi ni mo já a. Èmi fúnra mi ni mo fọ́ ọ. N kò rí omi nítòsí, kò sí ọ̀pá rọ́bà, kò sí Davie lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi. Mo ra á lára aṣọ mi títí èèpo rẹ̀ fi tán. Aṣọ náà pọ́n bí inú gúáfà.

N kò lè gbé ojú sókè. Aṣọ tí mo fi ń dá àwọn ẹlòmíràn lẹ́bi fún ogún ọdún ló dá èmi lẹ́bi lójú bàbá yìí.

Ilé rẹ̀ ni mo sùn. Inú ilé yẹn ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ náà ti ṣiṣẹ́ ní oko yẹn kí ó tó kú. Àwọn páálí tí wọ́n ti di ẹrù sí wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, abọ́ inú wọn sì ń hàn. Ìyàwó rẹ̀, Táńtì Rina ("táńtì" ni ti obìnrin, bí "óòmù" ṣe jẹ́ ti ọkùnrin), wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni, Táńtì."

Ó tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì mímọ́ sílẹ̀ fún mi kí n fi kírun. Lẹ́yìn náà ó gbé oúnjẹ wá, ẹja ńlá kan tí wọ́n ń pè ní sínúùkì, tí wọ́n yan lórí èédú, tí wọ́n sì fi jáàmù pa lára. Jáàmù lára ẹja! Bí ẹ bá ṣe é ní Kirikiri wọn yóò ní orí yín dàrú, ṣùgbọ́n ó dùn. Ibi tí ó tóbi jù nínú ẹja náà ni obìnrin yẹn bù fún mi. Omi bọ́ lójú mi, mo sì fi ata ṣe àwáwí, bẹ́ẹ̀ kò sí ata nínú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé a lọ sí ọ́fíìsì máníjà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò tíì pẹ́ níbi iṣẹ́, ẹ̀rù pé oníbàárà Èkó yóò bọ́ lọ́wọ́ òun sì ti gba ọgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tí n ó fọwọ́ sí ti wà lórí tábìlì pẹ̀lú bírò. Óòmù Davie dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di fìlà rẹ̀ mú. Mo tẹ́ aṣọ mi sórí ìwé náà.

Mo ní, "Mo kọ̀wé pé omi wà nínú wáìnì. N kò rí omi. Àwọ̀ ni mo rí. Àná ni mo já èso yín fúnra mi, àwọ̀ rẹ̀ nìyí."

Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́, sà."

"Èmi ni. Èmi náà ni mo sì fẹ́ fọwọ́ sí èyí." Mo gba ìwé òfìfo, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé mo ṣìnà, pé wáìnì náà kò lábùkù, pé bàbá yìí kò jẹ̀bi. Bí mo ṣe ń kọ ọ́, mo mọ̀ pé kọ̀nténà yẹn ti di ti Màdáámù nìyẹn, kò sí ìpààrọ̀ mọ́, bóyá kò sì ní sí iṣẹ́ fún mi nígbà tí mo bá dé. Máníjà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí Óòmù Davie. Bàbá náà fi í kọ́ ìgbànú rẹ̀. Ó ní, "Yá-níà," ó sì jáde lọ síbi àwọn àgbá rẹ̀.

Ọjọ́rú ni mo padà dé Èkó. Bí mo ṣe jáde ní pápákọ̀, ooru dì mọ́ mi bí ọmọ tí ó ti ń wá bàbá rẹ̀. N kò yà sílé, Warehouse Road ni mo gbà lọ tààrà. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Màdáámù, mo ṣàlàyé òkun, mo ṣàlàyé kùrukùru, mo tẹ́ aṣọ náà síwájú rẹ̀.

"Bàbá Aláṣọ, are you serious? Ẹ ò sign? Kí ni kí n wá sọ fáwọn customer báyìí?"

"Ẹ sọ fún wọn pé Rájí ló ṣìnà, mà."

Màdáámù dìde. Ó ṣí fíríìjì ọ́fíìsì, ó mú ọ̀kan nínú ìgò tí a ti kọ̀ sílẹ̀, ó bù díẹ̀ sí kọ́ọ̀bù. Òun náà kò tíì tọ́ ọ wò rí, aṣọ mi ni ó gbà gbọ́. Ó kàn án lẹ́nu. Ó fa ojú ro. Ó tún kàn án lẹ́nu.

"Kò dùn bíi ti tẹ́lẹ̀ o. Ó ń ta èèyàn lẹ́nu." Ó tún mu. "Hmm. Ẹja ni eléyìí ń wá. Pepper soup tiẹ̀ máa gbé e." Ó gbé fóònù, ó pòṣé, ó tún gbé e sílẹ̀. "Bàbá, ẹ lọ sinmi. A máa sọ̀rọ̀ lọ́la. Inú mi ò tíì dùn sí yín o." Mo ní mo mọ̀, mà.

Ìyá mi jókòó sójú fèrèsé nígbà tí mo wọlé. Lẹ́yìn ìkíni, mo ro ìrìn àjò náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ bí ó ṣe máa ń ṣe láyé àtijọ́, ó fi àtàǹpàkò pa ojú àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Rájí, ta ló sọ fún ọ pé aṣọ ni mo fi ń mọ aró tó jinná?"

"Ojú mi báyìí ló ṣe, Ìyá. Ẹ máa ń ti aṣọ bọ ìkòkò, ẹ ó sì gbé e sókè."

"Oníbàárà ni mo ń gbé e sókè fún. Ìdájí, tí ẹ̀yin ọmọdé ṣì ń sùn, ni mo ti máa ń fi ìka kàn án lẹ́nu. Ahọ́n ni mo fi ń mọ̀ ọ́n." Ó yọ ahọ́n síta, ó ní kí n wò ó bóyá ó ṣì ní àwọ̀ aró.

Mo jókòó tì í lórí ẹní. Ogún ọdún ó lé ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ ìyá mi ní Warehouse Road, èyí tí ó ń ṣe fún ojú oníbàárà ni mo sì rí kọ́. Èyí tí ó ń ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́, oorun ni mo ń sùn.